Tọ́ọ̀pù 461 fún Corvette ọdún 1964: nọ́ńbà nìkan kò tó

Ọ̀rọ̀ tọ́ọ̀pù sìlíńdà méjì ni mo bá wá, ìyẹn irin tó bo orí ẹ́ńjìnnì, tí fáàfù wà nínú rẹ̀. Àwọn tí a rà fún ẹ́ńjìnnì Corvette, ọkọ̀ Chevrolet, ti ọdún 1964 ni, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ òǹtajà tó tà wọ́n fún wa. N kò ní dárúkọ òǹtajà náà, nítorí a ti yanjú ohun tó wà láàárín wa. Àmọ́ ohun tí ojú wa rí nídìí ọjà yìí, ó yẹ kí ẹni tó bá ń wá ojúlówó tọ́ọ̀pù fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́ ọ kó tó fowó sílẹ̀.

Ìpolówó wọn kò gùn. Ojúlówó 461 (nọ́ńbà tí wọ́n dà mọ́ ara tọ́ọ̀pù náà), méjì tó bára wọn mu, fáàfù 2.02 (bí fáàfù ìwọlé ṣe fẹ̀ tó ní ínṣì), ọdún 1964. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, owó rẹ̀ sì ga dáadáa. Nígbà tí a yẹ̀ wọ́n wò tán, ọ̀kan jẹ́ gbogbo ohun tí wọ́n pè é. Èkejì jẹ́ 461 lóòótọ́, ilé iṣẹ́ Chevrolet ló dà á, ayédèrú kankan kò sí lára rẹ̀, síbẹ̀ kò lè jẹ́ ti ẹ́ńjìnnì yìí láéláé. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sọ owó nù: wọ́n á bi òǹtajà bóyá ojúlówó ni, òǹtajà á ní bẹ́ẹ̀ ni, kò sì purọ́. Ìbéèrè tó kù ni pé ojúlówó ti ọkọ̀ wo?

Ẹ̀gbọ́n mi kan ló ni ọkọ̀ náà. Sting Ray, bí wọ́n ṣe ń pe Corvette ìgbà yẹn, ni, ọ̀kan nínú 22,229 tí Chevrolet ṣe ní St. Louis fún ọdún 1964. Ẹ́ńjìnnì inú rẹ̀ ni 327 (ìwọ̀n inú ẹ́ńjìnnì ní ínṣì oníhà mẹ́ta) alágbára ẹṣin 365, èyí tó ń lo kabúrétọ̀. Èyí tó ń fọ́n epo fúnra rẹ̀ ni 375. Ohun tó fi tiwa hàn ni àmì tí wọ́n lù sí ojú pẹrẹsẹ kékeré tó wà lórí búlọ́ọ̀kù, níwájú tọ́ọ̀pù apá ọ̀tún: F0218RE. F dúró fún Flint, ìlú tí wọ́n ti to ẹ́ńjìnnì náà ní ìpínlẹ̀ Michigan. 0218 ni oṣù kejì, ọjọ́ kejìdínlógún. RE ni ẹ́ńjìnnì 365 ti ọdún yẹn. RD ni ti alágbára ẹṣin 300, RF sì ni ti 375. Ibi ìlà kékeré yìí ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò tíì mọ ọjọ́ tí wọ́n to ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò tíì mọ tọ́ọ̀pù tí òun ń wá.

Àwọn tọ́ọ̀pù tí a bá lórí ẹ́ńjìnnì náà kò gbà wá lákòókò rárá. Ihò bóòtù mẹ́ta wà ní ìpẹ̀kun wọn, irú èyí tí wọ́n fi ń de altanétọ̀ àti àwọn nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ́ iwájú ẹ́ńjìnnì. Ihò yẹn kò sí lára tọ́ọ̀pù irú ẹ́ńjìnnì yìí kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ ti ọdún 1969. Ẹnì kan ti pààrọ̀ wọn sẹ́yìn, bóyá torí pé ti àtijọ́ là, bóyá torí pé ẹnì kan fẹ́ tà wọ́n. Irú rẹ̀ pọ̀.

Ohun tí gbogbo ayé mọ 461 mọ́ ni gegele méjì tó so kọ́ra ní ìpẹ̀kun tọ́ọ̀pù, bí iké ràkúnmí. Ẹ kò ní láti tú nǹkan kan kí ẹ tó rí i, ìdí nìyí tí àwọn èèyàn fi gbára lé e. Ṣùgbọ́n 462 ti ọdún 1966 ní gegele méjì. 291 tó tẹ̀lé e náà ní in. 186 ti ọdún 1969 tún ní in, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ti ní ihò bóòtù tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Gbogbo ohun tí gegele ń sọ fún yín ni pé tọ́ọ̀pù náà wá láti inú ẹbí tó dára. Bákan náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi gegele tà á fún yín pé ti ẹ́ńjìnnì tó ń fọ́n epo ni. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn wà lórí ẹ́ńjìnnì oníkabúrétọ̀, irú ti ẹ̀gbọ́n mi.

Nọ́ńbà gan-an wà lábẹ́ tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà, ìdérí tó bo orí tọ́ọ̀pù, láàárín àwọn rọ́kà, ìyẹn àwọn apá kékeré tó ń tẹ fáàfù. 3782461 ló yẹ kó wà níbẹ̀, 461 tí gbogbo wa ń pè jẹ́ mẹ́ta tó gbẹ̀yìn nínú rẹ̀. Wọ́n dà á mọ́ irin náà ni, nítorí náà ńṣe ni nọ́ńbà náà yọ sókè. Ti búlọ́ọ̀kù tí mo kà lókè ni wọ́n fi irin lù tó jìn wọlé. Ẹ fi ìka yín kàn án. Ara irin tó yí nọ́ńbà náà ká gbọ́dọ̀ rí ṣákaṣàka, bí iyanrìn tí wọ́n fi dà á ṣe fi í sílẹ̀. Tí ibẹ̀ bá ń dán, tó jọ̀lọ̀, tí ibòmíràn sì rí ṣákaṣàka, ẹnì kan ti fi ẹ̀rọ lọ ibẹ̀, kí ẹ bi í ní ìdí rẹ̀. Ti tọ́ọ̀pù wa méjèèjì mọ́. Nọ́ńbà pé, ara irin pé. Òǹtajà ti fi àwòrán nọ́ńbà méjèèjì ránṣẹ́ kí a tó sanwó, àwòrán náà mọ́lẹ̀ kedere, mo yìn wọ́n fún ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ni wọ́n ti kùnà. Àwòrán ọjọ́ ti tọ́ọ̀pù kan ṣoṣo ni wọ́n fi ránṣẹ́, wọ́n ní èkejì kò yàtọ̀.

Abẹ́ tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà náà ni ọjọ́ máa ń wà. Lẹ́tà kan ló dúró fún oṣù, láti A tí í ṣe oṣù kìíní títí dé L tí í ṣe oṣù kejìlá. Nọ́ńbà ọjọ́ inú oṣù tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ọdún. Tọ́ọ̀pù àkọ́kọ́ kà báyìí: L 11 3. Ìyẹn ni ọjọ́ kọkànlá oṣù kejìlá ọdún 1963. Inú mi dùn nígbà tí mo rí i. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n tò ní oṣù kejì ọdún 1964, tọ́ọ̀pù tí wọ́n dà ní nǹkan bí oṣù méjì ṣáájú bá a mu wẹ́kú. Irin gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kúrò ní ibi tí wọ́n ti ń dà á, kí wọ́n gé e, kí wọ́n kó fáàfù sí i, kó tó dé Flint. Ẹgbẹ́ NCRS, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1974 fún àwọn tó ń tún Corvette ṣe bó ṣe jáde ní ilé iṣẹ́, máa ń gba ohun èlò tí ọjọ́ rẹ̀ kò ju oṣù mẹ́fà lọ ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n to ọkọ̀.

Ẹ̀gbọ́n kọ́kọ́ rí 3 yẹn ni ojú wọn fà ro. "Àbúrò, ọdún 1964 ni wọ́n kọ sí ìpolówó. Kí ló dé tí ó jẹ́ 3?"

Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ̀gbọ́n. 3 yẹn ló dára jù fún yín." Ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní ti ọdún 1964 ti ń jáde láti ìparí ọdún 1963. Ẹni tó bá ní òun kò fẹ́ 3 torí pé ọkọ̀ òun jẹ́ 1964 ti lé ojúlówó lọ, ẹni tó bá sì rí 4 tó gbà láìwo lẹ́tà oṣù ti ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún ohun tó dé bá wa nídìí èkejì.

Èkejì kà báyìí: J 22 4. Ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹwàá ọdún 1964. Oṣù mẹ́jọ ti kọjá lórí ẹ́ńjìnnì ẹ̀gbọ́n kí irin yìí tó di tọ́ọ̀pù. Ọkọ̀ wọn ti ń rìn lójú títì nígbà tí wọ́n dà á. Ọkọ̀ ọdún 1965 ni irú rẹ̀ yóò bá mu, yóò sì bá a mu dáadáa.

Nǹkan méjì wà tí ojú ń ṣì kà nínú ọjọ́ yìí. I ni lẹ́tà oṣù kẹsàn-án, ó sì jọ nọ́ńbà 1 lára irin tí òróró ti gbẹ mọ́. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì waya àti epo fọ ibẹ̀ kí ẹ tó kà á, kí ẹ sì na iná tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́. Iná tó bá tààrà láti òkè kì í jẹ́ kí ohun tó yọ sókè hàn. Èkejì ni pé nọ́ńbà ọdún kan ṣoṣo kò sọ ẹ̀wádún fún yín. 4 lè jẹ́ 1964, ó lè jẹ́ 1974. Nọ́ńbà tọ́ọ̀pù ló ń gbani níbẹ̀: wọn kò da 461 mọ́ lẹ́yìn àárín àwọn ọdún 1960, nítorí náà 4 tó wà lára 461 kò lè jẹ́ ti 1974. Àwọn àmì yìí ń jẹ́rìí fún ara wọn ni, ẹ má dá ọ̀kan kà.

Ọ̀rọ̀ fáàfù wá burú ju ti ọjọ́ lọ, nítorí ọjọ́ ṣì wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ kà á. Ti fáàfù, ẹnì kan ti fi ẹ̀rọ yí i padà.

Irin 461 kan náà ni Chevrolet gé fún ẹ́ńjìnnì 300 àti fún ẹ́ńjìnnì 365 lọ́dún 1964. Wọ́n kó fáàfù ìwọlé 1.94 ínṣì àti fáàfù èéfín 1.50 sí ti 300. Wọ́n kó 2.02 àti 1.60 sí ti 365 àti ti 375. Nọ́ńbà tó wà lábẹ́ tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà kò yàtọ̀ rárá, nítorí náà kò lè sọ èyí tó wà lọ́wọ́ yín. Bẹ́ẹ̀ ìyàtọ̀ owó láàárín méjèèjì pọ̀, ẹ̀rọ tó lè sọ 1.94 di 2.02 sì wà lọ́wọ́ oníṣẹ́ gbogbo. Wọ́n ti ń ṣe é láti ìgbà tí àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ṣì jẹ́ tuntun, kì í ṣe láti fi tan ẹnikẹ́ni jẹ, wọ́n ń wá agbára ni. Ó wá di wàhálà lónìí nítorí pé ohun tí wọ́n ṣe nígbà náà ni àwọn kan ń tà bí ohun tí ilé iṣẹ́ ṣe.

Nítorí náà mo yọ fáàfù, mo fi kálípà wọ̀n wọ́n. Tọ́ọ̀pù L 11 3: fáàfù ìwọlé 51.3 mílímítà, ti èéfín 40.6. Ìyẹn ni 2.02 àti 1.60. Ojú ibi tí wọ́n gé yípo fáàfù ìwọlé, lára ògiri ihò ìjóná, dọ́gba nínú ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èédú àtijọ́ bò ó bó ṣe bo ìyókù, o kò lè mọ ibi tí gígé parí sí ibi tí irin ti bẹ̀rẹ̀ àfi tí o bá fi èékánná wá a. Tọ́ọ̀pù J 22 4: fáàfù ìwọlé 51.3, ti èéfín 38.1. Mo tún un wọ̀n. 38.1 ni, 1.50 ínṣì. Ilé iṣẹ́ kò fi 2.02 àti 1.50 sínú ihò kan náà fún ẹ́ńjìnnì yìí. Ẹni tó la ojú fáàfù ìwọlé kò fọwọ́ kan ti èéfín. Nígbà tí mo wá tẹjú mọ́ ògiri ihò náà, etí ibi tí wọ́n gé ṣì mú, ihò kejì sì jìn ju ìkẹta lọ. Tọ́ọ̀pù ẹ́ńjìnnì 300 ni wọ́n sọ di ti 365.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un fún àwọn tó ní ọkọ̀ ọdún 1963. Lọ́dún 1964 ni 2.02 wọlé. Ẹ́ńjìnnì 340 àti 360 ti ọdún 1963, 1.94 ni tiwọn, títí kan èyí tó ń fọ́n epo. Mo ti rí ẹni tó ń wá 2.02 kiri fún ọkọ̀ 1963, tó fẹ́ san owó ńlá fún ohun tí yóò sọ ọkọ̀ rẹ̀ di àìpé. Tọ́ọ̀pù 1.94 tí kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn ni kí ó wá, ó sì dín lówó.

Bí ẹ bá ti ṣí tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà, ẹ wo òpó tí rọ́kà jókòó lé. Ní ilé iṣẹ́, wọ́n fi ipá tì í wọ inú irin ni, kò ní ẹnu ìyí. Sípíríǹgì líle máa ń fà á yọ díẹ̀díẹ̀, nítorí náà àwọn oníṣẹ́ máa ń fá ìdí òpó náà wálẹ̀, wọ́n á la ẹnu ìyí sí i, wọ́n á sì kó òpó onísíkúrù sí i pẹ̀lú irin pẹlẹbẹ tó ń tọ́ púṣírọ́ọ̀dù, ọ̀pá tó ń ti rọ́kà láti ìsàlẹ̀. Iṣẹ́ tó dára ni fún ẹni tó fẹ́ sáré. Àmọ́ irin tí wọ́n ti fá kò tún lè padà. Ibòmíràn tó ń tú àṣírí ni ihò tí púṣírọ́ọ̀dù ń gbà kọjá: lára ojúlówó, ihò tóóró ni, òun gan-an ló ń tọ́ púṣírọ́ọ̀dù kó má yà. Tó bá ti fẹ̀, ẹnì kan ti ṣe é fún irin pẹlẹbẹ yẹn rí, kódà bí wọ́n bá ti dá òpó mìíràn padà síbẹ̀. Ti tọ́ọ̀pù wa méjèèjì ṣì tóóró, òpó wọn ṣì jẹ́ ti ilé iṣẹ́. Ìyẹn tó ohun tí èèyàn lè san owó lé lórí, kò sì sí nínú ìpolówó wọn rárá! Wọ́n pariwo ohun tí wọn kò yẹ̀ wò, wọ́n gbàgbé èyí tó dára jù lọ lára ọjà wọn.

Ìyókù kò gùn. Ilé iṣẹ́ tó ń fi agbára máàgínẹ́ẹ̀tì wá ibi tí irin ti là bá wa yẹ méjèèjì wò, wọn kò rí ìlà kankan, láàárín fáàfù tàbí nídìí púlọ́ọ̀gì. Ihò ìjóná gba nǹkan bíi 64 cc, èyí tó fi hàn pé wọn kò tíì fá ojú gásíkẹ́ẹ̀tì jù. Ẹ má fojú kékeré wo ìyẹn. Ẹ́ńjìnnì 365 ń fún afẹ́fẹ́ àti epo pọ̀ ní ìlọ́po 11 láti ilé iṣẹ́. Tọ́ọ̀pù tí wọ́n ti fá lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹ́ta yóò gbé e kọjá ohun tí epo òde òní lè gbà, ẹ́ńjìnnì yóò sì máa dún bí ìgbà tí wọ́n ń fi òòlù kan irin. Lára L 11 3, wọ́n ti kó síìtì líle, òrùka irin tí fáàfù ń jókòó lé, sí ojú fáàfù èéfín. Mo fara mọ́ ọn pátápátá. Amẹ́ríkà ti fòfin de epo olójé fún ọkọ̀ ojú títì láti 1996, òjé yẹn ló sì ń dáàbò bo síìtì irin dídà nígbà tí wọ́n ṣe ọkọ̀ yìí. Ẹni tí yóò wa ọkọ̀ rẹ̀ ju kó kàn gbé e sílẹ̀ fún ìwòran nílò rẹ̀, kò sì hàn síta.

Mo pe òǹtajà. Mo ka ọjọ́ fún wọn, mo ka ìwọ̀n fáàfù fún wọn, mo fi àwòrán kálípà ránṣẹ́. Wọn kò jiyàn. Ọ̀gá wọn fúnra rẹ̀ sọ pé ọkọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn ti tú tọ́ọ̀pù náà, àwọn kàn fi wọ́n jọ torí pé nọ́ńbà wọn dọ́gba. Òun náà mọ̀ pé tọ́ọ̀pù irú ẹ́ńjìnnì yìí kò ní ti ọ̀tún tàbí ti òsì, èyíkéyìí lè lọ sí ẹ̀gbẹ́ èyíkéyìí, nítorí náà ó rọrùn láti pe méjì ní ìbejì nígbà tí wọn kò tiẹ̀ mọ ara wọn. Wọ́n gba J 22 4 padà, àwọn ni wọ́n san owó ìkẹ́rù lọ àti bọ̀, wọ́n sì wá òmíràn: A 8 4, ọjọ́ kẹjọ oṣù kìíní ọdún 1964, fáàfù 2.02 àti 1.60, tó ṣì ní òpó ilé iṣẹ́. Ó pẹ́ kó tó dé, wọ́n sì ní kí a fi owó díẹ̀ kún un. Mo rò pé owó yẹn kò yẹ, torí ohun tí wọ́n kọ sí ìpolówó wọn gan-an ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kó fún wa. Ẹ̀gbọ́n ní kí n jẹ́ kó lọ, ọkọ̀ tiwọn ni, owó tiwọn ni.

Ní ti dídì, mi ò tíì rí irú rẹ̀: àpótí pákó, òróró lára irin kó má dípẹtà, pákó fẹ́lẹ́ lójú ibi tí gásíkẹ́ẹ̀tì ń jókòó lé kí nǹkan má fà á. Ní ti òótọ́ inú, mo gbà pé wọ́n ní in. Ní ti ìmọ̀ ohun tí wọ́n ń tà, ó kù díẹ̀ káàtó, iye tí wọ́n sì ń gbà lórí rẹ̀ jẹ́ ti ẹni tó mọ̀. Bí ẹ bá máa rà lọ́wọ́ wọn tàbí lọ́wọ́ irú wọn, àwòrán nọ́ńbà kò tó. Ẹ ní kí wọ́n ya ọjọ́ tọ́ọ̀pù kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n ya ihò ìjóná mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti ìsàlẹ̀ pẹ̀lú kálípà lójú fáàfù méjèèjì, kí wọ́n ya ìdí òpó rọ́kà. Kò ní gbà wọ́n ní ìdajì wákàtí. Bí wọ́n bá ní àwọn ò lè yọ tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà torí pé tọ́ọ̀pù ṣì wà lórí ẹ́ńjìnnì, ẹ máa lọ. Bóòtù díẹ̀ ló de kọ́fà yẹn mọ́lẹ̀.

L 11 3 àti A 8 4 ti wà lórí búlọ́ọ̀kù ẹ̀gbọ́n báyìí. Máníìfólù èéfín ló kàn, òun náà ní nọ́ńbà àti ọjọ́ tirẹ̀, òǹtajà kan náà sì ní ọ̀kan lọ́wọ́. A ti ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi àwòrán ọjọ́ rẹ̀ ránṣẹ́ ná.